Omi tí wọ́n fi owó ìlú rà fún odò: kí ló dé tí ará Ọsirélíà kò fi tètè gbà á gbọ́?

Ìjọba fi owó ìlú ra omi lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó ń bomi rin oko. Wọn kò rà á láti mu, wọn kò sì rà á láti tún un tà. Wọ́n rà á kí wọ́n lè fi í sílẹ̀ sínú odò, kó máa ṣàn lọ bá ẹja, bá igi etí omi, bá àbàtà tí àwọn ẹyẹ ń yé sí. Omi náà ṣàn díẹ̀. Ó dé iwájú oko míì nísàlẹ̀ odò, olóko tan ẹ̀rọ ìfàmi rẹ̀, ó fa omi náà sínú adágún tó gbẹ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì rú òfin kankan. Ìwé àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sọ pé bí odò bá ti kún dé ìwọ̀n báyìí, kó máa fà. Òfin kò bèèrè bóyá òjò ló kún odò ni àbí owó ìlú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn lórí odò Barwon-Darling, ní ìpínlẹ̀ New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Mo fi í ṣáájú nítorí pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ìdí tí ará ìlú fi ń fura sí àwọn tó ń ṣàkóso omi odò, ibí yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn náà mọ̀ pé odò ń kú, wọ́n sì fẹ́ kó yè. Ohun tí ọkàn wọn kò lè gbà ni pé kí owó wọn lọ sí i, kí ìlú kan pàdánù omi oko rẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ ibi tí omi náà wọlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí à ń sọ ná. Àgbègbè odò Murray àti Darling, pẹ̀lú gbogbo odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú wọn, fẹ̀ ju mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó lọ, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Ọsirélíà. Ó gba inú Queensland, New South Wales, Victoria àti South Australia kọjá, Canberra tó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó wà láàárín wọn sì lé ní 40. Odò Murray nìkan gùn tó nǹkan bí 2,500 kìlómítà, láti orí òkè títí dé ibi tó ti ń wọ òkun ní South Australia. Òwú, ìrẹsì, àjàrà, álímọ́ńdì, koríko àwọn màlúù oníwàrà: omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu.

Odò tó bá gba ìpínlẹ̀ mẹ́rin kọjá, ẹni òkè ló máa ń kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀. Àwọn ìjọba ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí Murray ní 1914. Ṣùgbọ́n bí wọn yóò ṣe pín omi ni àdéhùn ìgbà yẹn ń sọ. Kò sọ bí odò fúnra rẹ̀ yóò ṣe wà láàyè. Wọ́n parí dáàmù Hume ní 1936, wọ́n parí ti Dartmouth ní 1979, ìwé àṣẹ ìfàmi sì ń pọ̀ sí i. Ní 1981, yanrìn dí ẹnu odò Murray pa, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1991, ewéko wẹ́wẹ́ olóró bo ojú odò Darling lọ jìnnà ju 1,000 kìlómítà lọ, omi kò ṣe é mu fún ènìyàn tàbí ẹran. Ìyẹn ló mú kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye omi tí wọ́n lè máa fà ní 1995. Ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 tí kò tán títí di 2009 ló wá fi hàn pé òdiwọ̀n náà kò tó. Láti 2002 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wa yanrìn kúrò lẹ́nu odò. Wọ́n dáwọ́ dúró ní 2010, wọ́n sì tún ní láti padà sí i ní 2015, torí odò tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti yanrìn ẹnu ara rẹ̀.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ni ìjọba àpapọ̀ wà tó fi ṣe Òfin Omi ti 2007. Òfin yìí ló dá àjọ tó ń bójú tó àgbègbè Murray-Darling sílẹ̀. Òun náà ló dá ipò kan sílẹ̀ tí mo rí bí ohun àrà: òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó máa di omi mú lórúkọ àyíká. Omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú àgbá níbì kankan. Ìwé àṣẹ ni, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ gan-an. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa tí wọ́n kéde pé gbogbo ẹni tó ní irú ìwé kan yóò gba ìpín rẹ̀ pé, odò náà yóò gba tirẹ̀ pé. Bó bá jẹ́ ìdajì ni àgbẹ̀ rí gbà lọ́dún ọ̀dá, ìdajì ni odò náà yóò rí gbà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ èyí. Wọ́n rò pé ńṣe ni wọ́n ń bu ti ẹja kí wọ́n tó bu ti ẹni tó ń gbin oúnjẹ, ó sì ń bí wọn nínú. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tó yẹ.

Ìgbà tó yẹ ọ̀hún ni 2010. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àjọ náà gbé ìwé kan jáde tó fi hàn pé 3,000 sí 4,000 gígálítà ni wọ́n fẹ́ dá padà sínú odò lọ́dọọdún. Gígálítà kan jẹ́ bílíọ̀nù lítà kan. Nǹkan bí 500 gígálítà ló wà nínú èbúté Sydney lódindi, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nínú àwòrán. Àwọn àgbẹ̀ rí iye yẹn, wọn kò rí bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Wọn kò mọ iye tí yóò kúrò ní ìlú tiwọn, wọn kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwé àti ilé ìtajà wọn bí oko bá dín kù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá sí ìpàdé ní ìlú Griffith, àwọn kan sì dáná sun ìwé náà lójú gbogbo ayé. Kí ọdún tó parí, alága àjọ náà ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó sọ ìtàn yìí máa ń sọ ọ́ bí ìjà àwọn tó fẹ́ràn odò pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ràn owó. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì, tí ilé rẹ̀ àti gbèsè báńkì rẹ̀ so mọ́ omi yẹn, ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ní 2008, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba New South Wales ra oko ńlá kan tó ń jẹ́ Toorale nítòsí Bourke, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 24 dọ́là Ọsirélíà, nítorí omi tó wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ará Bourke ń ṣe níbẹ̀ bá a lọ, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń rí gbà lórí ilẹ̀ náà bá a lọ pẹ̀lú. Orí odò Darling yìí kan náà sì ni òfin ti gba ẹni ìsàlẹ̀ láyè láti fa irú omi bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó pàdánù iṣẹ́ ní Bourke?

Ètò tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 dín iye náà kù sí 2,750 gígálítà, wọ́n sì ní àwọn yóò wá 450 míì sí i bí kò bá pa ìlú lára. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀ tó bílíọ̀nù 13 dọ́là. Ní 2015 wọ́n tún ṣòfin pé èyí tí ìjọba lè rà tààràtà kò gbọdọ̀ ju 1,500 gígálítà lọ. Ìyókù, kí wọ́n wá a nípa títún ọ̀nà omi oko ṣe kó má máa ṣòfò. Nígbà tó fi máa di 2023, ohun tí wọ́n ti rí gbà padà lórí ìwé lé ní 2,100.

Lórí ìwé, mo ní. Ní oṣù keje ọdún 2017, ètò ìwádìí kan lórí tẹlifíṣọ̀n ABC fi ẹ̀sùn kàn pé àwọn kan ń jí omi fà lórí Barwon-Darling, pé àwọn mítà kan kò ṣiṣẹ́, pé àwọn aláṣẹ mọ̀ tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Ìjọba New South Wales ní kí Ken Matthews, tó ti jẹ́ ọ̀gá nídìí ọ̀rọ̀ omi lórílẹ̀-èdè náà, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀ pé ìmúṣẹ òfin omi nípìnlẹ̀ náà kò dára tó rárá. Àjọ Murray-Darling náà ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì rí i pé ní apá àríwá àgbègbè náà, omi tí mítà ń kà nínú èyí tí wọ́n ń fà lójú odò kò ju nǹkan bí ìdajì lọ, bí a bá tiẹ̀ ṣe é ní oore.

Ìdajì! Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Kí èèyàn máa ṣọ̀rẹ́ kò ní kó má wọn nǹkan; wíwọ̀n gan-an ni kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bàjẹ́. Àgbẹ̀ tó ń fa ìwọ̀n tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí ni àìsí mítà kọ́kọ́ ṣe níbi, nítorí kò ní ẹ̀rí tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lólè.

Kí oṣù méjìdínlógún tó pé lẹ́yìn ètò tẹlifíṣọ̀n yẹn ni ẹja kú ní Menindee. Láti oṣù kejìlá ọdún 2018 sí oṣù kìíní 2019, ẹja kú lẹ́ẹ̀mẹta lórí Darling ìsàlẹ̀, àwọn tó kà á sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó ju mílíọ̀nù kan lọ. Nínú wọn ni Murray cod wà, ẹja ńlá tó lè lo ohun tó ju 40 ọdún láyé. Ìyẹn ni pé àwọn ẹja tó la ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá já kò la èyí já. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro lóye. Odò kò ṣàn mọ́, ó dá dúró bí ìkùdu. Oòrùn mú òkè omi gbóná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, méjèèjì kò pò pọ̀, ọ́síjìn sì tán nísàlẹ̀. Ewéko wẹ́wẹ́ bo ojú omi. Lójijì afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ dé, òkè àti ìsàlẹ̀ dà pọ̀, ewéko náà kú ó ń jẹrà, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù tán. Ẹja kò níbi tí yóò sá sí.

Ìgbìmọ̀ méjì ló yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ náà, ìkejì láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Kò sí èyí tó ní ojú ọjọ́ nìkan ló fà á. Ọ̀gbẹlẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ti ń fà lókè fún ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá máa ń sọ pé omi tí ẹ̀dá máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Àwọn ará Wilcannia àti Menindee kò tiẹ̀ rí omi kankan tó ń ṣàn bọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá tiwọn ni. Àwọn Barkandji, tí orúkọ wọn túmọ̀ sí ọmọ odò Baaka, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Darling, wo odò tí wọ́n fi ń pe ara wọn tó gbẹ lójú wọn. Ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé àwọn ló ni ẹ̀tọ́ àbáláyé lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wọlé, omi kò bá a wọlé: ní apá New South Wales nínú àgbègbè yìí, ìwé àṣẹ omi tó wà lọ́wọ́ àwọn àjọ ọmọ onílẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí mílíọ̀nù 40 dọ́là ní 2018 láti fi ra omi fún wọn. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò rà á. Ní 2023 wọ́n sọ iye náà di 100 mílíọ̀nù, ó sì yé mi bí àwọn tí wọ́n ṣèlérí náà fún bá ní àwọn yóò kọ́kọ́ fojú rí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ olùwádìí tí South Australia gbé kalẹ̀ jábọ̀. Bret Walker, agbẹjọ́rò àgbà, ló ṣe é. Ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Walker kọ ọ́ pé òṣèlú ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń yan iye omi tí wọn yóò dá padà, pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òfin ní kí wọ́n lò, wọ́n gbé e tì, wọn kò sì ka ìyípadà ojú ọjọ́ sí. Àjọ náà ní òun kò gbà. Fún èmi, ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì. Bí àwọn tó ṣírò omi bá wá síwájú, tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kódà bí wọ́n bá ṣàṣìṣe níbì kan, ará ìlú ì bá rí ojú wọn. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè kò lè retí kí wọ́n gba òun gbọ́.

Kí ló ti wá yí padà? Púpọ̀, òtítọ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. New South Wales dá àjọ kan sílẹ̀ tí ìmúṣẹ òfin omi nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó ń lo àwòrán sátẹ́láìtì láti wo ẹni tó ní adágún tó kún nígbà tí kò yẹ kó kún, ó sì ń gbé àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Òfin mítà le sí i. Láti 2021 ni ọ̀gá olùṣọ́ kan ti wà fún gbogbo àgbègbè náà, tó lè yẹ àwọn ìpínlẹ̀ àti àjọ ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn wò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, lójú tèmi, wáyé láìsí ariwo púpọ̀. Láti ìparí ọdún 2020, bí omi àyíká bá ń bọ̀ lórí Barwon-Darling, àwọn aláṣẹ máa ń yọ iye rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó kéde ohun tí àwọn oko lè fà lọ́jọ́ yẹn. Ihò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, wọ́n ti ń dí i. Ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wáyé ní 2018, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti àwọn odò apá àríwá, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ka ẹ̀rọ ìfàmi léèwọ̀ títí tó fi kọjá. Àwọn ará ìlú etí odò rí i tó ń bọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Ohun tí èèyàn bá fojú ara rẹ̀ rí ní agbára tí ìwé ìròyìn olójú ewé 300 kò ní.

Ọ́fíìsì tó ń di omi àyíká mú náà ti ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé nínú àwọn ìlú etí odò. Wọ́n ń pàdé àwọn olóko àti apẹja, wọ́n ń gbọ́ ibi tí omi ti ń yà tí máàpù kò mọ̀. Èyí wúlò gan-an níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ìyẹn ilẹ̀ onílẹ̀. Bí omi yóò bá dé inú igbó etí odò bíi Barmah-Millewa, ó lè gba orí pápá màlúù ẹlòmíì kọjá. Kò sí òfin tó lè mú ẹni yẹn fọkàn balẹ̀. Àfi kí ó mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí ó mọ bí omi yóò ṣe ga tó, ọjọ́ mélòó ni yóò lò, ta ni yóò sì san owó ọgbà tó bá wó.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́, ọ̀sẹ̀ kan lè wó o. Ní oṣù kejì ọdún 2020, òjò rọ̀ sí apá àríwá lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀rọ dúró kí omi àkọ́rọ̀ lè dé ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn kan lókè lè ráyè fa omi. Omi náà padà dé Wilcannia àti Menindee, àwọn èèyàn jáde lọ sétí odò lọ kí i káàbọ̀. Ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbà pé omi náà ṣe odò lóore, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe bá ará ìlú sọ̀rọ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ìpinnu náà lè ní ìdí tó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣe é tán ni àwọn ará ìsàlẹ̀ gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kẹta ọdún 2023 dé. Omíyalé ti kọjá, ẹja ti bí sí i lọ́pọ̀ yanturu, omi ń fà sẹ́yìn, oòrùn mú, ọ́síjìn tán. Àwọn tó fojú díwọ̀n rẹ̀ ní 20 sí 30 mílíọ̀nù ẹja ló kú ní Menindee, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹja kéékèèké. Ìparí ọdún yẹn ni òfin tuntun jáde: wọ́n mú òdiwọ̀n 1,500 kúrò, ìjọba tún lè ra omi bó ṣe fẹ́, wọ́n sì sún ọjọ́ 450 gígálítà náà sí ìparí 2027. Victoria kọ̀, kò bá ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀rù rírà omi tó ti wà láti 2008 kò tíì kúrò nínú àwọn ìlú rẹ̀.

Ọdún 2026 ni òfin ní kí àjọ náà tún gbogbo Ètò náà yẹ̀ wò. Ìjà lórí iye gígálítà yóò tún pọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣáájú kéré ju ìyẹn lọ. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wo bí odò ṣe ga tó ní Bourke tàbí ní Wilcannia láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fà láàárín ìlú méjèèjì, ọwọ́ ìjọba àti olóko ló wà. Obìnrin Wilcannia tó dúró sétí odò kò lè ṣí i wò. Kí wọ́n jẹ́ kó rí i.